Tákàdá Pélébé Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Òrofó

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ nílùú Kétu lórílẹ̀-èdè Benin níwájú àwọn ọdẹ, àwọn olùkọ́ àti àwọn ọ̀dọ́. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè ṣeé kà.)

Kábíyèsí Alákétu, kádé ó pẹ́ lórí, kí bàtà ó pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin bàbá wa ọdẹ, mo júbà. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ pa ọjà tì nítorí ìpàdé yìí, ẹ ṣeun, ẹ ò ní pàdánù. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ kú ìjókòó.

Bàbá kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní, "Wọ́n ní ọ̀rọ̀ òrofó lo fẹ́ wá sọ. Ṣé òrofó tí à ń jẹ yìí náà ni?" Mo ní òun náà ni, bàbá mi, àmọ́ àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí, ẹni tó bá fi wọ́n sínú ọbẹ̀, ara rẹ̀ ló ń ṣe. Òmíràn nínú wọn ti kú láti ayé àwọn baba ńlá wa, májèlé ni wọ́n sì fi tọ́jú awọ rẹ̀ sínú mùsíọ́mù. Tákàdá tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé.

Kí á kọ́kọ́ mú èyí tó wà láàyè. Kò sí ọdẹ tó jókòó síbí tí kò mọ òrofó. Ara rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa, ìdí àgógó ẹnu rẹ̀ pupa, itan rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè tó pọ́n, àmì elésè àlùkò kan sì wà ní èjìká rẹ̀. Èso igi ló ń jẹ, pàápàá ọ̀dán àti ọpọ̀tọ́. Tí ọ̀dán bá so, agbo òrofó lè kún orí igi náà kí ẹni tó jókòó sí ìbòòji rẹ̀ má rí ẹyọ kan. Èso tó ń já bọ́ sí èèyàn lórí ló ń tú wọn fó. Ó ń rìn lórí ẹ̀ka, á dorí kodò já èso, bí odídẹrẹ́ ṣe ń ṣe. Igbe rẹ̀ ò sì jọ ti àdàbà rárá: á fọn bíi fèrè, á wá kùn hùn-ùn ní ìparí bí ẹni tí inú ń bí.

Ẹyẹ yìí ò pin sọ́dọ̀ wa. Láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Gúúsù Áfíríkà ló wà. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ni Treron calvus, Temminck tó jẹ́ ọmọ Họ́láńdì ló sì kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọkùnrin yìí náà ló wá di ọ̀gá àkọ́kọ́ ní mùsíọ́mù tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú Leiden ní 1820. Òrofó yìí ní ìbátan kan tí ikùn tirẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, Treron waalia, tó ń gbé ọ̀dàn ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè wa. Ẹ má ṣe da àwọn méjèèjì pọ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ síbi tí òkú rẹ̀ wà.

Mùsíọ́mù ńlá pọ̀ tó ń tọ́jú awọ ẹyẹ: èyí tó wà ní Tring nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Párìsì, ti Leiden, ti Berlin, ti New York. Àwọn ẹyẹ tí ẹ máa ń rí nínú dígí, tí wọ́n fi ojú oníke sí, tí wọ́n tò sórí ẹ̀ka bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fò, ìyẹn ti àwọn àlejò ni. Ti àwọn onímọ̀ wà lẹ́yìn ilé, nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin. Bí o bá fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ jáde, wàá rí òrofó tí wọ́n dùbúlẹ̀ sílẹ̀ ní títò bí ẹja gbígbẹ nínú agbọ̀n, gbogbo wọn kọjú sókè. Òwú funfun ló kún ihò ojú wọn. Òwú náà ló wà nínú ikùn wọn níbi tí ìfun wà tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí ara wọn, wọ́n fi okùn dì í. Ẹsẹ̀ pupa yẹn ti ṣú, ó ti dà bí awọ bàtà àtijọ́. Pupa tó wà ní ìdí àgógó ti lọ. Ojú òrofó tó máa ń rí bí àwọ̀ ojú ọ̀run, a ò lè rí i mọ́ láéláé, torí wọ́n ti yọ ọ́ dànù kí ó má baà rà.

Májèlé tí mo sọ yẹn, ásẹ́níìkì ni. Ọmọ Faransé kan, Jean-Baptiste Bécoeur, apòògùn nílùú Metz, ló pò ó mọ́ ọṣẹ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, pé kí kòkòrò má baà jẹ awọ ẹyẹ. Ó ṣiṣẹ́ débi pé wọ́n lò ó fún ohun tó lé ní igba ọdún. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ gbé awọ ẹyẹ àtijọ́ gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́.

Ara okùn tó di ẹsẹ̀ yẹn ni tákàdá pélébé kan so mọ́, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Òun ló gbé mi wá.

Bí ẹni tó kọ ọ́ bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti pa ẹyẹ náà á wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n pa á, àti orúkọ ẹni tó kó o jọ. Á fi àmì sí i bóyá akọ ni tàbí abo, èyí tó mọ̀ nítorí pé ó la ikùn rẹ̀ wò. Torí ó mọ̀ pé àwọ̀ ojú, ẹsẹ̀ àti àgógó ò ní pẹ́ ṣá, á tètè kọ wọ́n sílẹ̀ kí ara ẹyẹ tó tutù. Àwọn mìíràn máa ń kọ ohun tí wọ́n bá nínú iwe rẹ̀. Bí mo bá rí "èso ọ̀dán" lára tákàdá ẹni tó ti kú tipẹ́, mo máa ń bu ọlá fún un, torí oúnjẹ tí ẹyẹ kan jẹ láàárọ̀ ọjọ́ kan ló kọ sílẹ̀ dè wá yẹn.

Tọ́rọ́ kọ́bọ̀ ni awọ ẹyẹ láìsí tákàdá yìí. Màá fi ìtàn kan gbè é lẹ́sẹ̀. Lọ́dún 2009, akẹ́kọ̀ọ́ kan fọ́ wíńdò wọ mùsíọ́mù Tring lóru, ó jí awọ ẹyẹ 299 kó. Ìyẹ́ wọn ló fẹ́, àwọn tó ń so ìyẹ́ mọ́ ìwọ̀ ìpẹja ló ń tà á fún. Ọlọ́pàá mú un, wọ́n sì gba ọ̀pọ̀ padà. Ṣùgbọ́n ó ti gé tákàdá kúrò lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ẹyẹ padà sílé, ìwúlò rẹ̀ ò bá a padà. Ìyẹ́ rẹ̀ ò yingin, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè sọ igbó tó ti wá tàbí ọdún tó kú.

Èyí tó tún burú ju kí tákàdá sọnù lọ ni kí ó máa parọ́. Ọ̀gágun ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan wà, Richard Meinertzhagen, tó kú ní 1967. Wọ́n kà á sí àgbà nínú ìmọ̀ ẹyẹ nígbà ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n wá rí i pé ńṣe ló ń jí awọ ẹyẹ nínú mùsíọ́mù, á ya tákàdá ti tẹ́lẹ̀, á kọ tuntun, á ní òun lòun pa á níbòmíràn. Òwìwí kékeré kan wà ní Íńdíà tí wọn ò rí mọ́ láti 1884. Ọ̀gbẹ́ni yìí ní òun pa ọ̀kan ní Gujarat ní 1914. Irọ́ ni. Àwọn tó ń wá òwìwí yẹn ń lọ síbi tó pè, wọn ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n tú àṣírí tákàdá èké náà, tí wọ́n wá a lọ síbi tí àwọn tákàdá òótọ́ sọ, ni wọ́n rí i láàyè ní 1997. Ẹ ò rí i bí ìlà kan ṣoṣo ṣe fi ẹyẹ pamọ́ fún aráyé!

Àwọn kan lè ní kí ló kàn wá ní Kétu nínú irọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó kàn wá gidi, torí àṣìṣe orúkọ ìlú tiwa wà lára tákàdá ju irọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí yìí dáadáa.

Kí ó tó di 1975, Dahomey ni orúkọ orílẹ̀-èdè wa. Ẹyẹ tí wọ́n bá pa níbí nígbà ìjọba Faransé, "Dahomey" ni wọ́n máa kọ sí i, òmíràn ò sì ní ju ọ̀rọ̀ kan yẹn lọ. Láti etíkun dé Odò Ọya ní àríwá tó nǹkan bí 700 kìlómítà. Igbó wà níbẹ̀, ọ̀dàn wà níbẹ̀, àpáta wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ "Dahomey" fún òrofó dà bí ẹni tí ò kọ nǹkan kan.

Ẹ wá wo "Benin". Lónìí, kọ̀ǹpútà tó bá rí ọ̀rọ̀ yìí, orílẹ̀-èdè tiwa ló máa tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ti àwọn Ẹ̀dó ni Benin tí àwọn aláwọ̀ funfun ìgbà náà ń pè. Palisot de Beauvois, ọmọ Faransé tó wá kó ewéko àti kòkòrò jọ láti 1786, Warri àti ìlú ọba Benin ló ti kó wọn jọ, ibẹ̀ kì í sì í ṣe ilẹ̀ tiwa. Bí ẹ̀rọ bá da ohun tó kó jọ sínú máàpù wa, ó ti kó ẹrù Nàìjíríà wá sílé wa nìyẹn.

Àjàṣẹ́ ńkọ́? "Porto Novo" ni wọ́n máa kọ. Ó dáa, Porto Novo mìíràn wà ní erékùṣù Santo Antão ní Cape Verde. Òmíràn tún wà ní gúúsù Íńdíà, etíkun Tamil Nadu, tí wọ́n ń pè ní Parangipettai báyìí. Òrofó kì í gbé Cape Verde, nítorí náà ìyẹn rọrùn. Íńdíà ní òrofó tirẹ̀, ẹ̀yà mìíràn nínú ìdílé Treron kan náà. Ẹni tó bá ka tákàdá láìwo ẹyẹ lè kó ọmọ Íńdíà wá sí Àjàṣẹ́. Bó bá wo ìyẹ́ rẹ̀, ó tán, ẹyẹ fúnra rẹ̀ á jẹ́rìí.

Kétu: Kétu kan wà l'Ékòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ojota. Ṣabẹ: ọ̀nà tí àwọn Faransé gbà ń kọ ọ́ kò lóǹkà, Savé, Savè, Tchabè. Bí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ bá sì wọ́, ẹlòmíràn á kà á sí Savi, èyí tó wà nítòsí Ouidah létíkun. Láti Ṣabẹ dé Savi, ìrìn àjò ńlá ni, ojú ọjọ́ ibẹ̀ ò sì bára mu.

Kí á tún máa rántí pé ogun Dàhómì, ìyẹn ìjọba ọba Àgbómẹ̀ àtijọ́, fọ́ ìlú yìí ní 1886. Ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhómì ni àwọn èèyàn wa tó padà wá tún un tẹ̀ dó. Abúlé tó parun nígbà náà, oko tó yí orúkọ padà, odò tó jẹ́ pé orúkọ baálé tó kọ́kọ́ débẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é, kò sí nínú máàpù kankan. Ta ló lè sọ ibi tó wà? Kì í ṣe ẹni tó jókòó sí Párìsì. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí ni. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wá sílé nìyẹn: òkú òrofó wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó lè tún tákàdá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe wà lọ́wọ́ yín.

Ìdí kan tún wà tí ilẹ̀ wa fi ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá wo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láti òkè, igbó kìjikìji wà láti Sierra Leone dé Gánà, òmíràn bẹ̀rẹ̀ láti Nàìjíríà lọ sí Kóńgò. Láàárín wọn, ọ̀dàn sọ̀ kalẹ̀ dé etíkun. Àwọn onímọ̀ ń pe àlàfo yẹn ní Dahomey Gap, inú rẹ̀ gan-an la sì wà. Wọ́n gbẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Sélé ní gúúsù orílẹ̀-èdè wa, wọ́n wo lẹ́búlẹ́bú òdòdó tó wà nínú rẹ̀, wọ́n rí i pé igbó bo ibí yìí rí. Nǹkan bí 4,000 ọdún sẹ́yìn ló fà sẹ́yìn. Ìsọ̀rí kéékèèké tí wọ́n pín Treron calvus nìkan sí ní Áfíríkà lé ní mẹ́wàá, ohun tó sì ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kò ju bí pupa ìdí àgógó ṣe gùn tó tàbí bí ara ṣe tutù tó. Ṣé ti ìlà oòrùn ni òrofó inú igbó Dogo tó wà lẹ́bàá wa yìí ni, àbí ti ìwọ̀ oòrùn? Àfi kí á to awọ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ká tó lè dáhùn, tákàdá wọn ò sì gbọ́dọ̀ ṣì wá lọ́nà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ nínú ọkàn wọn pé, ẹyẹ lásánlàsàn! Nígbà tí ẹyin àṣá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sábẹ́ ìyá wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Derek Ratcliffe lọ wọn èèpo ẹyin àtijọ́ tí àwọn èèyàn ti kó jọ pa mọ́, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i. Ó rí i pé lẹ́yìn 1945 ni èèpo náà ṣàdédé fẹ́lẹ́, ó sì gbé e jáde ní 1967. Oògùn apakòkòrò DDT ló fà á. Àwọn tó kó ẹyin yẹn jọ kò mọ DDT. Ọjọ́ ni wọ́n ṣáà kọ, òun ló sì jẹ́rìí. Ní tiwa náà, wọ́n lè bẹ́ ẹran bín-ín-tín lábẹ́ ìka ẹsẹ̀ òrofó tó ti kú ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n sì ka ìran rẹ̀.

Nítorí a ti dárúkọ ẹyin, mo fẹ́ yà díẹ̀. Ẹ̀yin àgbà máa ń pa á lówe pé ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Òrofó bímọ mẹ́fà, ó ní ilé òun kún ṣọ́ṣọ́ṣọ́. Ẹ lọ wo àkọsílẹ̀ ìtẹ́ òrofó níbikíbi: ẹyin funfun kan tàbí méjì, lórí igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n kó jọ jákujàku débi pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè rí ẹyin náà láàárín rẹ̀. Mẹ́fà kọ́! Èmi gbà pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òrofó ń fọ́nnu ni, ó fi mẹ́rin lé e, ìyẹn ló ṣe pa á.

Ẹnì kan ṣì wà tí orúkọ rẹ̀ kì í sábà sí lára tákàdá: ọdẹ. Orúkọ òyìnbó tó kó ẹyẹ jọ ni wọ́n máa ń kọ. Ẹni tó mọ igi ọ̀dán tó so, tó jí ní ìdájí, tó yìnbọn, tó gbé ẹyẹ wá, wọ́n sanwó fún un, ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí síbẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù ti ń da ọ̀rọ̀ tákàdá wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ó pọ̀ jù sí ni wọ́n ń pè ní GBIF, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Copenhagen. Orílẹ̀-èdè wa wà nínú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní fóònù lè tẹ Treron calvus, kó yan Benin, kó mú kìkì àwọn tó jẹ́ òkú ẹyẹ inú mùsíọ́mù, á rí ohun tí wọ́n kọ. Bó bá rí orúkọ ibi tí wọ́n ṣì kọ, ààyè wà láti kọ̀wé sí mùsíọ́mù tó ni ẹyẹ náà. Ẹ má tijú. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa ń dúpẹ́, torí àwọn náà mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ò pé.

Ìbéèrè pọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Màá mú mẹ́ta.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bèèrè pé, ìjọba Faransé dá ohun ìní ọba Àgbómẹ̀ 26 padà ní 2021, kí ló dé tí wọn ò dá àwọn ẹyẹ wa náà padà? Mo ní ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtẹ́ ọba lè jókòó sínú gbọ̀ngán kó pẹ́. Bí iná bá lọ, tí ooru dé, ìdin kòkòrò lè sọ awọ ẹyẹ di eruku láàárín ìgbà díẹ̀. Kí á kọ́kọ́ kọ́ ilé tó tutù, kí á ní àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ níbí, École du Patrimoine Africain ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù láti 1998. Ní ti tákàdá, fọ́tò rẹ̀ lè dé ọ̀la. Èmi á kọ́kọ́ bèèrè ìyẹn.

Ìyá kan tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ní òrofó ti wọ́n lọ́jà, ṣé mùsíọ́mù lè sọ ìdí? Mo ní rárá, ìyá mi. Nínú ìwé àwọn tó ń tọ́jú ohun alààyè lágbàáyé, òrofó ò sí nínú ewu. Gbogbo Áfíríkà ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe Kétu. Bí wọ́n bá ń gé ọ̀dán nídìí ọ̀nà, tí wọ́n sì ń sun igbó fún ẹ̀édú, ẹyẹ tó ń jẹ èso á wábi gbà. Ẹni tó bá ń kọ iye òrofó tó rí lọ́jà sílẹ̀ ló lè fi dá a lójú. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀wé. Mo ní ọmọ yín mọ̀ ọ́n.

Bàbá ọdẹ kan ló kẹ́yìn. Wọ́n ní ṣé kí àwọn máa pa á wá ni? Mo ní ẹ má pa á nítorí mi. Èyí tí ẹ bá ti pa fún jíjẹ, kí ẹ tó tu ìyẹ́ rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ ní kí ọmọ kan kọ orúkọ yín, orúkọ oko, irú igi tó wà lórí rẹ̀, ohun tó wà nínú iwe rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ pa á. Bàbá ní ọjọ́ òyìnbó ń rú àwọn lójú, ọjọ́ ọjà làwọn mọ̀. Mo ní kí wọ́n kọ ọjọ́ ọjà, kí wọ́n fi oṣù àti ọdún sí i, a ó ṣírò ìyókù.